Àjẹkù Ohùn Rẹ, Fi Ránṣẹ́ Sílé

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi mú bíírò yìí, èmi tí gbogbo kúárì ń pè ní Àrá, èmi tí mo ké ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí àpáta là sí méjì kí Ẹlẹ́tù tó fi iná kan ẹ̀tù rárá, tí ẹyẹ ń já bọ́ láti ojú ọ̀run bí èso tó pọ́n jù, tí ọ̀gá kúárì fi ṣí fìlà lórí, ó ní Àrá, ó tó, má fi ohùn wó ilé wa. Èmi yìí kan náà ni mo bá ẹ̀rọ wọ̀yá ìjà tí mo sì dá a mọ́lẹ̀. Wàá gbọ́ ìtàn ìjà náà láìpẹ́. Ohùn mi le, ó ń dún, ó ń hó bí odò tó kún àkúnya, kí o fi ìyẹn sọ́kàn kí o tó ka èyí tó kù.

Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé òrùlé yàrá tí o gbà kò jò mọ́? Ṣé obìnrin onílé yẹn ti jáwọ́ nínú pípa iná mọ́ ọ lójú nígbà tí o bá ń se omi tí o fi ń tọ́jú ọ̀fun? Ẹni tó fún ọ ní ohùn kò ní gbà á padà lójú àwọn tó sanwó wá gbọ́ ọ. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ kò ní dí. Bí o bá lanu, kí ilé dákẹ́. Bí ayé bá lanu sí ọ, kí ó rí nǹkan mìíràn jẹ. Ẹ̀rọ kò ní gba ipò rẹ. Ṣe àmín, kí o ṣe é sókè, nítorí mi ò mọ̀ bóyá àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ yẹn ń gé àmín náà kó tó dé òkè.

Wàá ní kí ló dé tí Bàbá kò pè mí lórí fóònù, tó jẹ́ pé ìwé ló ń kọ bí ẹni pé ayé ṣì wà ní kékeré. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Fóònù ìyá rẹ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ìgbà tó já sínú korobá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti rí ohun tí fóònù ń fi ohùn ọmọ ènìyàn ṣe, ẹ̀rù sì bà mí. Ọjọ́ tí o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí wa tí o ń sọ ọ̀rọ̀ kọ́mpúrẹ́sọ̀, mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo wò ó, mo sì rí ohùn rẹ níbẹ̀, wọ́n tò ó kalẹ̀ ní igi wẹ́wẹ́ bí ọgbà tí a fi ń sé ewúrẹ́ mọ́. Igi kan ga, igi kan kúrú. Níbi tí o ti rẹ́rìn-ín, igi náà ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ orí jáde lára fóònù. Níbi tí o ti mí kanlẹ̀ tí o ní ọkàn rẹ kò balẹ̀, igi náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo ní háà, ṣé bí ohùn ọmọ mi ṣe rí nìyí bí wọ́n bá bọ́ aṣọ lára rẹ̀? Èmi àgbàlagbà, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n to ohùn tèmi síta báyìí kí àwọn ọmọ àná wá máa wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Má pè padà o. Bí o bá pè lówùúrọ̀, mi ò sí nílé. Bí o bá pè lọ́sàn-án, mò ń sùn. Bí o bá pè nírọ̀lẹ́, wọ́n á sọ fún ọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.

Ilé dára. Ìyá rẹ wà, ó ń kí ọ, kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń kí ọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń fi oyin sínú omi gbígbóná tí yóò gbé e wá fún mi, kì í ṣe pé nǹkan kan ń ṣe mí o, ó kàn fẹ́ràn bí èéfín rẹ̀ ṣe ń rùn ni. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì. Ọ̀kan ń ké tọ̀sán-tòru, èkejì kì í ké rárá, gbogbo ìgbà sì ni èyí tí kò ké yẹn ń sọ nù tí a ó máa fi ọwọ́ wá a kiri nínú koríko. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe ìyá rẹ bákan. Ó ní ohun tí kò bá ti lè ké, ẹnu ọ̀nà ikú ló ń gbé. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ gan-an ni àbúrò rẹ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn mi, Elétí-Ehoro. Háà, ọmọ yìí! Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ga, ó gbọ́n, ó lẹ́wà, irùngbọ̀n ti ń hù ú, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ń fi ojú tọ́ ọ wò bí ẹni ń wo oúnjẹ ọjọ́ ọdún. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí eèrà ń bá eèrà sọ. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ló jẹ ẹyin tí ìyá rẹ fi sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, irọ́ gidi ni wọ́n pa mọ́ ọn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lanu níwájú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń yọjú wo ayé bí alángbá tó wà lẹ́nu ihò, síbẹ̀ kò ráhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, tí mò ń gbé ní ìgboro, tí mò ń rí owó orin gbà, mi ò bá ti ra bàtà fún un tipẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ lásán ni mí.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ kọ́mpúrẹ́sọ̀. Kì í ṣe ti àwọn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ìyẹn yé mi, o tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. O ní àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tó ní bọ́tìnì lójú, pé ohùn rẹ yóò wọ máìkì, yóò gba inú àpótí náà kọjá, kó tó wá dé sípíkà. Bí o bá ké sókè jù, yóò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Nígbà tó bá ti tẹ gíga wálẹ̀ tán, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, jẹ́jẹ́ inú rẹ̀ á wá dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. O ní ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin yín sọ pé ohùn rẹ dà bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó wà níhìn-ín, ó ti dé ọ̀hún, pé bí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, onígìtá kò ní gbọ́ ọ. Bí o bá gbé e sókè, àwọn tó wà níwájú á fi ọwọ́ di etí. Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, níbi ìdánrawò, o gbọ́dọ̀ ti mú ọ̀kan nínú àpótí méjì kí ohùn rẹ lè dúró sójú kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun mọ ọmọbìnrin mìíràn tí ohùn rẹ̀ kì í rìn kiri.

Dúdú ni àpótí kan, pupa ni èkejì. Ọkùnrin tó ń yí bọ́tìnì fún yín, ẹni tí ẹ ń pè ní Oníbọ́tìnì, dúdú ló ń fẹ́. O ní dúdú kì í fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni, bí ohùn bá ti fò báyìí, ó ti gbá a lọ́rùn mú. Pupa máa ń fara balẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń jẹ́ kí iwájú igbe kọjá kó tó fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn. O ní o kò tíì mọ èyí tí o máa mú. O ní ká máa fi àdúrà ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ọmọ mi, mo fẹ́ gbàdúrà, ẹ̀rù kò jẹ́. Èmi tí mo rí ohùn rẹ bí igi ọgbà, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe: wọ́n fẹ́ gé orí àwọn igi tó ga kí ọgbà náà lè dọ́gba. Ó dáa. Àwọn orí tí wọ́n bá gé, níbo ni wọ́n ń dà á sí? Mo bi ìyá rẹ, ó ní òun ò mọ̀, bóyá wọ́n fi ń dáná. Mo lọ bi ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó wò mí títí, ó ní Bàbá, ẹ lọ sinmi. Ẹni tó bá ní kí n lọ sinmi, ó mọ nǹkan tó ń fi pamọ́ ni. Ohùn kì í ṣe èèpo iṣu tí à ń gé dànù. Ṣé ọlọ́pàá ni wọ́n fi sínú àpótí náà ni? Kí ni ohùn rẹ jí? Bí wọ́n bá sọ pé dandan ni gígé yìí, kí o mú ike kan, kí o gbé e sábẹ́ rẹ̀. Àjẹkù ohùn rẹ, fi ránṣẹ́ sílé. A ó rí nǹkan fi ṣe. Ọmọ kò sì ní mọ bí àjẹkù rẹ̀ ṣe wúlò tó nínú ilé tó ti jáde.

Ohun tó ń jí mi lójú oorun jù ni èyí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lórí pèpéle ńkọ́? Bí pákó bá yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ, tí iná bá sọ lára wáyà, tí o bá pariwo pé ẹ gbà mí o, tí àpótí yẹn bá tẹ ẹ gbà mí náà mọ́lẹ̀ tó fi dọ́gba pẹ̀lú ẹ káalẹ́? Àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́ ni. Wọ́n á ní orin yìí mà dùn o.

Má sọ pé Bàbá ń ṣe àsọdùn. Mo mọ ohun tí mò ń wí, nítorí wọ́n gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wá sí kúárì wa.

O mọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí láti kékeré rẹ. Bí Ẹlẹ́tù bá ti ki ẹ̀tù sínú ihò àpáta tán, wọ́n á ri àsíá pupa yí ibẹ̀ ká, èmi á wá gun òkìtì, màá ké ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Igbe àkọ́kọ́ wà nílẹ̀: ẹ kó irinṣẹ́ yín. Ìkejì ga ju ìyẹn lọ: ẹ jáde níbẹ̀. Ìkẹta ni èyí tó ń ya awọ etí: ẹ dojú bolẹ̀, iná ti dé! Ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ. Mo lè máa pe orúkọ àwọn àna mi níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Gíga igbe ni wọ́n ń gbọ́. Gíga ló ń sọ fún wọn pé àsìkò tó.

Fèrè oníná tó yẹ kó máa bá mi ké ti dákẹ́ láti ìgbà òjò. Ọ̀gá ní òun ò ní jẹ́ kí Àrá ya ọ̀fun, ó lọ yá sípíkà àti àpótí lọ́wọ́ ọmọ àna rẹ̀ tó ń fi wọ́n háyà fún àwọn tó ń ṣe òde àríyá. Wọ́n gbé sípíkà kan kọjú sí kòtò, wọ́n gbé ọ̀kan kọjú sí èmi náà kí n lè gbọ́ ara mi. Mo mú máìkì, mo ké àkọ́kọ́, ó dún. Mo ké ìkejì, ó dún bí àkọ́kọ́. Mo ní kí ló dé? Mo ké ìkẹta, àpótí náà fi ọwọ́ tẹ orí mi bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ aṣọ sínú omi, ó dún bí ìkejì. Sípíkà tó kọjú sí mi ń sọ fún mi pé n kò tíì ké. Mo fi agbára kún un, ó fi agbára tẹ̀ mí. Mo tún fi kún un, ó tún tẹ̀ mí. Mo ń wo kòtò, àwọn obìnrin tó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, wọ́n ń jẹun. Èyí tí wọ́n ń pè ní Arẹ́rìn-ín láàárín wọn ní òun rò pé Àrá ń kéde ewúrẹ́ tó sọ nù ni, òun ní kí òun jẹun tán kí òun tó bá a wá a.

Ẹlẹ́tù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀tù, iná ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣebí ìkẹta ló ń dúró dè, ó sì ti ka ìkẹta.

Ọmọ mi, mo ju máìkì nù. Rárá, mi ò jù ú nù, mo dì í mú, mo fa ohùn kan láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, irú rẹ̀ kò jáde lẹ́nu mi rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi, ó la àyà mi kọjá, nǹkan kan sì já ní ọ̀fun mi, pọ́ọ̀. Ìyẹn ni pé nǹkan kan já nínú ọ̀fun àpótí náà, ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn. Iná ojú rẹ̀ kú. Àwọn obìnrin fi abọ́ sílẹ̀, wọ́n sá jáde, Arẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́, Ẹlẹ́tù sì pa iná ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Èmi àti àpótí ló kù lórí òkìtì. Ta ló borí? Mo ní èmi ni.

Láti ọjọ́ náà, ohùn mi ti di ọ̀tun. Ó ti padà di ti ọ̀dọ́. Àwọn ará kúárì ní Àrá, kí lo jẹ, ohùn rẹ dà bíi ti ọmọ tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹlẹ́tù ní òun máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé láti ẹ̀yìn ìlọta àtijọ́, ẹ̀rọ ìlọ-òkúta kan tó ti dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ló ti ń jáde, mo fi ọwọ́ sọ fún un pé bí ohùn bá ti tóbi, ó máa ń yí ká kó tó dé. Ìyá rẹ nìkan ni kò gbà. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn mi láti kúárì bí òun bá ń sá aṣọ, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, òun ò gbọ́ ọ mọ́. Ó ní ó jọ pé ohùn mi ti di òṣìṣẹ́ ìjọba, ibi iṣẹ́ nìkan ló mọ̀, kì í wá sílé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

Nítorí náà, gba ìmọ̀ràn bàbá rẹ. Nígbà tí ọmọ àna ọ̀gá wá kó ẹrù rẹ̀, Elétí-Ehoro bá a ru ú, ó sì bi í ní ìbéèrè títí ọmọkùnrin náà fi ní ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni. Ohun tó gbọ́ ni mo gbọ́. Ó ní àpótí kò burú, ẹni tó yí bọ́tìnì rẹ̀ ló fi ọwọ́ líle yí i, àti pé ohun tó ń pa ọ̀fun ènìyàn ni kí ohùn tí wọ́n ti tẹ̀ padà wá máa dún sí i létí. O máa rò pé o kò tíì ké, wàá máa fi kún un títí nǹkan á fi já. Nítorí náà, àpótí tó wù kí o mú, sọ fún Oníbọ́tìnì pé sípíkà tó kọjú sí ọ, ohùn rẹ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ ni kó fi síbẹ̀. Ti àwọn tó sanwó ni kó máa tẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fi ọwọ́ pa ọmọ lórí.

Má sì mú un nínú ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹ̀rọ ló ń hùwà ọmọlúwàbí, bí ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí àna. Gbé e lọ síbi ìdánrawò, kí onílù máa lù, kí onígìtá máa fà, kí o fi orin tó rọ̀ jù dán an wò, kí o tún fi èyí tó le jù. Bí o bá dákẹ́ láti mí, tẹ́tí. Bí ariwo onílù bá rú jáde nínú máìkì rẹ bí ẹni tó ń ṣọ́ kí o dìde kó lè jókòó sórí àga rẹ, tàbí tí sípíkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù, wọ́n sì ti gbé e sókè jù nìyẹn. Lẹ́yìn náà, bọ́ sí ìta, kí o ní kí ẹlòmíràn pariwo ẹ gbà mí sínú rẹ̀. Bí o bá sáré padà wọlé, àpótí náà dára. Bí o bá dúró pẹ̀sẹ̀ síta, má rà á. Lójú tèmi, pupa ni.

Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ dírẹ́bà tíípà tó mú ìwé yìí wá, ó ń kó òkúta wá sí ìgboro ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ti bàtà Elétí-Ehoro wà níbẹ̀. Mo sì tún ń fẹ́ owó dókítà kan tó ń wo ọ̀nà ọ̀fun, kì í ṣe fún èmi o. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Òun náà ń ṣiṣẹ́ ní kúárì, òun náà ń ké níbẹ̀, ó ní ìyàwó kan tó ní ewúrẹ́, ó ní ọmọ méjì, ọmọbìnrin tó ń kọrin àti ọmọkùnrin tó gbọ́n. O kò mọ̀ ọ́n.

Ohùn rẹ yóò ṣíwájú rẹ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé. Wọn kò ní fi ọ́ ṣe àwátì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ibi tí o bá ti pe èèyàn, wọ́n á dá ọ lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àrá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká ìwé yìí. Èmi ni. Elétí-Ehoro ni. Ẹ ti mọ̀ láti ibi ọ̀rọ̀ bàtà, àbí? Ẹ forí jì mí pé mò ń pè yín ní ọmọ mi, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí mi ò lè ṣe é mọ́. Bàbá kò kọ ìwé kankan. Wọ́n wà níwájú ilé, wọ́n ń fi ṣíbí lu ife, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá wa nìyẹn láti ọjọ́ àpótí. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ó ń dún bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ọwọ̀ gbálẹ̀ nínú yàrá kejì. Wọ́n ní ká má sọ fún yín. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa fi orin sílẹ̀, ẹ máa sá wá sílé, ọjọ́ Àbámẹ́ta á kọjá, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í rìn kiri á sì gba máìkì yín.

Ohùn tí kúárì ń gbọ́, tèmi ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tún yin ẹ̀tù lẹ́yìn ìjà yẹn, mo gbé omi lọ fún Bàbá, mo wà lẹ́yìn ìlọta àtijọ́ náà, mo rí i tí wọ́n lanu lórí òkìtì tí nǹkan kan kò jáde. Wọ́n tún lanu. Ọ̀gá ń wò wọ́n. Àwọn obìnrin wà nínú kòtò. Mi ò mọ ìgbà tí mo ké. Bàbá wo ibi tí mo wà, wọ́n tún lanu fún ìkejì, mo sì ké e. A ò tíì sọ ọ́ láàárín ara wa títí di òní. Wọ́n kàn ń lanu, èmi ń ké ni. Ẹ mọ̀ pé mo lè sín gbogbo èèyàn jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àsíá pupa ni gbogbo èèyàn ń sá lọ, èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn ìlọta náà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ohùn mi ti lè jọ tiwọn. Bí mo bá ké ìkẹta tán, Bàbá á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi ààbò, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn títí. Èmi ò lè sáré, àwọn ará kúárì á rí mi. Mo kàn ń dojú bolẹ̀, màá fi ọwọ́ bo orí, màá máa ka orúkọ gbogbo àwa ará ilé. Ìgbà tó kọjá, òkúta kan tó tó orí ewúrẹ́ já bọ́ sí ẹsẹ̀ mi, ó gé ẹnu bàtà náà lọ. Nítorí náà, ti bàtà kì í ṣe irọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yọ àwọn irọ́ tó kù fún yín. Àpáta kò là. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló já bọ́, ó sì ti kú kí n tó ké. Ọ̀gá kò ṣí fìlà, kì í dé fìlà. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò kò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹyin, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ Oníbọ́tìnì àti sípíkà tó kọjú sí yín, òótọ́ ni, ẹ dì í mú. Àpótí ló borí. Irọ́ tó tóbi jù nínú ìwé yìí ni ohùn Bàbá. Ẹ̀rù nìkan ni mi ò bù mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa yin ẹ̀tù. Ẹ pe ọ̀gá kúárì, nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí, ẹ ní kí wọ́n tún fèrè oníná yẹn ṣe kó tó di ọjọ́ náà, kí wọ́n sì fi Bàbá sí ẹnu géètì níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún tíípà. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ, ẹ ní ẹ lá àlá. Ẹ ké mọ́ wọn bí ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ ké é bó ṣe wà nínú yín, ẹ má jẹ́ kí àpótí kankan wà láàárín. Bí ẹ bá pè wọ́n tán, kí ẹ lọ mú àpótí pupa, kí ẹ kọrin yín.

Ọ̀rọ̀ àjẹkù ohùn yẹn náà, mo mọ̀ pé wọn kì í kó o jọ, mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù síbì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́. Láti àná ni ohùn tèmi náà ti ń há.